Orí Kẹfà: Ìjẹ Kékeré, Okùn Tín-ín-rín

Epìyà kò lọ́wọ́ tí yóò fi bu oúnjẹ, eyín rẹ̀ kò sì tó èyí tí yóò fi fa ẹran ya. Omi ló fi ń jẹun. Bí ó bá rí kòkòrò kan tó ń mira níwájú rẹ̀, yóò rọra sún mọ́ ọn, yóò la ẹnu lójijì, gbogbo inú ẹnu náà yóò sì fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á já wálẹ̀, ètè á na síwájú, ìdérí méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, níbi tí ẹja ti ń mí, á fẹ̀ síta. Inú àyè òfìfo yìí ni omi máa ń ya wọ̀, kòkòrò á sì bá omi wọlé, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa ẹ̀kọ mímu lẹ́nu ife. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú lásán kò lè bá a. Kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 500 sí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn onímọ̀ fi tú àṣírí rẹ̀. Àrọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀bọ̀kún ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹja tí à ń jẹ nílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Agbára ìfami yìí kì í lọ jìnnà. Ká ní ẹnu ẹja fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Bí a bá wọn eré tí omi ń sá ní sẹ̀ǹtímítà méjì péré sí iwájú ẹnu náà, kò ní ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún eré tó ń sá lẹ́nu gan-an. Nítorí náà, ẹja gbọ́dọ̀ sún mọ́ oúnjẹ pẹ́kípẹ́kí kí ó tó la ẹnu, oúnjẹ náà sì gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ohun tó fúyẹ́ á bá omi wọlé wéré. Ohun tó wúwo á kọ̀: omi á sáré kọjá lára rẹ̀, òjé á jókòó síbi tó wà, okùn tó le gbagidi á tún fà á sẹ́yìn. Ẹja á mọ̀ ọ́n lára pé ohun tí òun fà kò wá bó ṣe yẹ kó wá, á sì tu ú dànù kí apẹja tó mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Apẹja á ní ẹja kàn ń fi ẹnu tọ́ ìjẹ wò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja náà fẹ́ jẹ ẹ́. Irinṣẹ́ ló wúwo ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mú dání nínú orí yìí ni pé ìwúwo ìjẹ, ìsanra okùn àti líle ọ̀pá gbọ́dọ̀ bá ẹnu ẹja tó wà nínú omi náà mu. Nínú àwọn omi tó yí Ìkẹjà àti Agége ká lónìí, ẹnu kékeré ló pọ̀ jù.

Omi tó wà níbẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó dé

Bí ènìyàn bá dárúkọ Ìkẹjà àti Agége, ẹja kọ́ ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló pín ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Èkó. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Láti Ọ̀rẹ́gùn dé Ọ̀gbà, láti Àgídíngbì dé ojú ọ̀nà Ọba Akran, títí wọ Agége àti Oko-Ọba níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ̀rọ ló ń dún, ọkọ̀ àjàgbé ló ń kọjá.

Síbẹ̀ omi ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Ìjú, lẹ́bàá Agége, ni ìjọba amúnisìn dá ilé iṣẹ́ omi sílẹ̀ sí ní 1910 nítorí àwọn ará Èkó. Odò Ìyá Aláró ń gba ìhà Ọ̀rẹ́gùn àti Ọjọ́ta kọjá lọ sí Ògùdù, ó sì ń tú sínú ọ̀sà. Ní apá àríwá, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Berger, Odò Ògùn tó sun láti agbègbè Ṣakí, tó gba Abẹ́òkúta wá, ń gba Ìṣẹrì kọjá lọ sínú Ọ̀sà Èkó. Àwọn odò kéékèèké àti kanáàlì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ orúkọ wọn tún wà láàárín ilé àti ilé iṣẹ́.

Ìṣẹrì ni ibi tó dára jù láti wo ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń ju àwọ̀n níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jókòó létí omi pẹ̀lú ìwọ̀. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ wò. Ẹni tó so ìwọ̀ ńlá mọ́ okùn tó sanra, tó tún kó òjé lé e, ẹja ńlá ló ń retí, ó sì lè máa retí títí oòrùn á fi wọ̀. Ọmọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lo okùn tí àwọn onílẹ̀kẹ̀ fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀, ìwọ̀ rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ, ekòló gígé tàbí ìṣù búrẹ́dì Agége tó fi ọwọ́ rò ló sì fi sẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń fa epìyà jáde. Búrẹ́dì Agége dára fún iṣẹ́ yìí ju búrẹ́dì tó rí fúlẹ́fúlẹ́ lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ títí á fi ki. Ó ń lẹ̀ mọ́ ìwọ̀ dáadáa, kì í tètè tú sómi.

Ẹja ń kọ́gbọ́n

Kì í ṣe àwọn ọmọ Ìṣẹrì nìkan ló mọ ọ̀nà yìí. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1970, ni Charlie Brewer ti ń polongo ìjẹ rọ́bà kékeré tí òjé orí rẹ̀ fúyẹ́. Ó ní kí apẹja kàn máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má ṣe nǹkan mìíràn sí i. Ní ìpínlẹ̀ Kansas, Ned Kehde ti kọ̀wé púpọ̀ nípa ọ̀nà àwọn apẹja agbègbè rẹ̀: òjé tí kò ju gíráàmù méjì lọ, rọ́bà rírọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tàbí méje, àti okùn tín-ín-rín.

Àwọn ará Japan tún ti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní aji. Mọ̀lẹ́bí kote ni, ẹja inú páálí tí àwọn onífíríìsà ń tà fún wa ní Agége. Lálẹ́, wọ́n á lọ dúró ní èbúté níbi tí iná mànàmáná ti ń tàn sójú omi. Ìmọ́lẹ̀ á kó àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ jọ, aji á tẹ̀lé wọn wá, apẹja á sì ju ìjẹ tí òjé rẹ̀ kò tó gíráàmù kan sáàárín wọn. Ajing ni wọ́n ń pe ọ̀nà ìpẹja yìí. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ẹja tí à ń gé ní dídì, tí à ń dín fún ìrẹsì, ni àwọn kan ń fi sùúrù bẹ́ẹ̀ wá ní òdìkejì ayé.

Ìfami ẹnu nìkan kọ́ ló fà á tí ìjẹ kékeré fi ń ṣiṣẹ́. Ẹja ń rántí. J. J. Beukema, onímọ̀ ará Netherlands, gbé ìwádìí kan jáde ní 1970 lórí ẹja kápù. Ó rí i pé kápù tí ìwọ̀ bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì dá padà sómi, máa ń ṣòro láti tún mú fún nǹkan bí ọdún kan. Lọ́dún kan náà, ó sọ ohun tó rí lára páìkì, ẹja tó ń pa ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Àwọn páìkì tí irin dídán tó ń yí bírí nínú omi ti mú rí kò fẹ́ sún mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yéé jẹ ẹja kéékèèké alààyè tí wọ́n bá fi sẹ́nu ìwọ̀. Ohun tó dán, tó tóbi, tó ń pariwo, ẹja lè kọ́ láti sá fún un. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni kò lè sá fún. Nínú omi tí àwọ̀n ń wọ̀ lójoojúmọ́, ohun tó bá jọ oúnjẹ òòjọ́ ẹja jù ló yẹ kí apẹja fi sẹ́nu ìwọ̀, oúnjẹ òòjọ́ ẹja kékeré sì kéré gan-an: ìdin ẹ̀fọn, ewédò, kòkòrò, èérún inú omi.

Okùn, ọ̀pá àti omi inú ọ̀rá

Kí náílọ́ọ̀nù tó dé, òwú, ọ̀gbọ̀ àti irun ẹṣin wà lára ohun tí aráyé fi ń so ìwọ̀. Wallace Carothers àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní DuPont ní Amẹ́ríkà ló ṣe náílọ́ọ̀nù ní 1935, kò sì pẹ́ tó fi dé ọwọ́ apẹja. Ohun tó fún wa ni okùn tó tín-ín-rín, tó lágbára, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ tó bá ti inú ohun kan bọ́ sínú òmíràn. Nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn títẹ̀ yìí jẹ́ 1.33 fún omi, nǹkan bí 1.53 fún náílọ́ọ̀nù, àti 1.42 fún oríṣi okùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní fluorocarbon. Bí nọ́ńbà okùn bá ṣe sún mọ́ ti omi tó ni ẹja ṣe máa ṣòro fún láti rí i tó. Ní tèmi o, nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ bíi ti Ìṣẹrì, kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti ná owó púpọ̀ lórí fluorocarbon. Títín-ín-rín ló ṣe pàtàkì jù. Ìṣàn omi ń ti okùn tó sanra, okùn náà á sì máa wọ́ ìjẹ kúrò níbi tí ẹja wà. Ó tún le ju kí ìjẹ kékeré lè mì fàlàlà lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ pé okùn tó ń já tí a bá so ẹrù kílò méjì àbọ̀ kọ́ ọn lè mú ẹja kílò mẹ́ta, á rò pé àsọdùn ni. Ẹja inú omi kò wúwo bíi ti ẹja orí ìwọ̀n ọlọ́jà. Àpò afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé e dúró, débi pé ìwúwo rẹ̀ nínú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Agbára tí ẹja fi ń sá ni okùn ń kojú, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Ohun tó sì ń já okùn ni fífà òjijì. Bí ọ̀pá bá rọ̀, tó sì ń tẹ̀, fífà náà á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ara okùn tán. Agbára tí ìbá bọ́ lu okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á wá pín káàkiri àkókò tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn á sì rù ú là.

Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ okùn gbọ́dọ̀ tún bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà ṣe kí ó tó ju ìwọ̀ sómi. Bí ẹja bá sá, bíréèkì ló yẹ kó jẹ́ kí okùn máa tú jáde kí ó tó já. Ìdá mẹ́rin agbára okùn ni ó yẹ kí bíréèkì fi mú un. Fún okùn tó lè gbé kílò méjì, ìdajì kílò nìyẹn, ìwọ̀n tó bá a mu sì wà ní gbogbo ìsọ̀ ní Èkó: omi inú ọ̀rá kan, tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, wọn ìdajì kílò. Ẹ wá ọ̀rá kékeré tó ní ọwọ́, ẹ ki omi náà sínú rẹ̀, ẹ so ó mọ́ ẹnu okùn, kí ẹ sì gbé ọ̀pá sókè títí omi náà á fi kúrò nílẹ̀. Ẹ wá máa tú bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò dé ibì kan tí omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́, tí kẹ̀kẹ́ á máa yí fúnra rẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ okùn tó ń já ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló jẹ́ pé bíréèkì ló ti le jù.

Ọmọ tó ń lo igi ọparun kò ní kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ àti títẹ̀ igi náà ni bíréèkì tirẹ̀. Kí òun náà má fi okùn gbé ẹja sókè. Ibi tí ẹja bá ti kúrò nínú omi ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti padà dé. Àwọ̀n kékeré tàbí agbọ̀n la fi ń bu ẹja jáde.

Kókó okùn tún ni ibi tí wàhálà máa ń wà. Ẹ ki ẹnu okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ ọ mọ́ ara okùn ní ìgbà márùn-ún, ẹ dá ẹnu rẹ̀ padà sínú ihò tó ṣẹ́kù lókè ojú ìwọ̀ gan-an. Ẹ má tíì fà á. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, kí ẹ tó wá rọra fà á mọ́ra títí ìlọ́po márààrún á fi tò lórí ara wọn. Bí a bá fà á ní gbígbẹ, okùn á máa ha ara rẹ̀, ooru á jáde, ooru yẹn á sì sọ náílọ́ọ̀nù di aláìlágbára níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Itọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo omi mímu. Okùn àti ọwọ́ tó ti kan omi kanáàlì kò yẹ kó dé ẹnu.

Ìjẹ àfọwọ́ṣe kò ní kí a lọ sí Japan. Ìyẹ́ adìyẹ funfun kan, òwú ìránṣọ, gọ́ọ̀mù díẹ̀ àti ìwọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10 tàbí 12 ti tó (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ṣe ń kéré sí i). Ẹ gé ibi tó rọ̀ lára ìyẹ́ náà, gígùn rẹ̀ kó má ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, ẹ fi òwú dì í mọ́ ẹ̀yìn ìwọ̀, kí ẹ kán gọ́ọ̀mù lé òwú. Nínú omi, irun ìyẹ́ á máa ṣí, á máa pa dé, kódà tí ọwọ́ yín kò bá mì. Bí ó bá nílò ìwúwo, nọ́ọ̀tì irin kékeré láti ìsọ̀ mẹkáníìkì, èyí tí kò ju gíráàmù kan tàbí méjì lọ, ni kí ẹ so sókè rẹ̀. Irin kò wúwo tó òjé, nítorí náà ó ń rọra rì, rírọra rì yẹn gan-an la sì ń fẹ́: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹja máa ń gbé ìjẹ nígbà tó ń rì lọ.

Ojú epìyà, irùngbọ̀n àrọ̀

Ojú ni epìyà gbẹ́kẹ̀ lé jù láti rí oúnjẹ. Àrọ̀ kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló wà lẹ́nu àrọ̀, ó sì ń fi wọ́n tọ́ omi wò kí ó tó tọ́ oúnjẹ wò. Lára mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ti rí ibi ìtọ́wò tó ju 100,000 lọ, tó tàn ká gbogbo awọ ara. Àrọ̀ tún ń gbọ́ràn ju epìyà lọ. Ní 1820, Ernst Heinrich Weber, ará Jámánì, ṣàpèjúwe àwọn eegun wẹ́wẹ́ tó so àpò afẹ́fẹ́ inú irú ẹja bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ etí rẹ̀. Àpò náà ń gba ìró, eegun ń gbé e lọ sí etí. Ìró sì ń sáré nínú omi ní nǹkan bí mítà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ìlọ́po mẹ́rin eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó ń fi bàtà gbá ilẹ̀ létí odò ti ń kéde ara rẹ̀.

Epìyà àti àrọ̀ ló tún ní ìlà kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ara kọjá láti orí dé ìrù. Ìlà yìí ń mọ ìmira omi tó wà nítòsí, láàárín ìwọ̀n gígùn ara ẹja náà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Kódà nínú òkùnkùn, ìyẹ́ adìyẹ tó ń mì díẹ̀díẹ̀ ń ránṣẹ́ sí i.

Ìjẹ wo ló wá yẹ kí a lò? Omi ni kí ẹ bi. Ní 1865, Angelo Secchi, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, so abọ́ funfun pẹrẹsẹ mọ́ okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun láti mọ ibi tí ojú ti kọ̀ láti rí i mọ́. Títí dòní ni àwọn tó ń yẹ omi wò ń lo irú abọ́ yẹn. Ìdérí ike funfun tí a fi òkúta dè lè ṣe iṣẹ́ kan náà fún wa. Bí ó bá pòórá kí ó tó jìn dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ gbàgbé ìyẹ́. Ekòló tó ń rùn ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ lójú kan. Bí ẹ bá ṣì ń rí i ní jíjìn tó apá kan, ìyẹ́ funfun á ṣiṣẹ́ fún epìyà.

Ní Ìṣẹrì, àsìkò ló ń pinnu èyí jù. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi á fà, á mọ́ díẹ̀, ẹja á kó jọ síbi tó jìn. Nígbà òjò, pàápàá ní September àti October, Odò Ògùn á kún, á pọ́n. Omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti Ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, á tún bá a pọ̀, ìkún omi á sì dé ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn. Lákòókò yẹn, kí ẹnikẹ́ni má dúró létí omi nítorí ẹja.

Ẹja tó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀rí pé omi mọ́

Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní okùn tín-ín-rín àti ìwọ̀ kékeré lè mú epìyà nínú kanáàlì tó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kọjá. Á wò ó, ẹja ń ta pọ́n-ún lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, á sì rò pé omi tó bí irú ẹja yìí kò lè burú. Ó lè burú gan-an. Epìyà lè fara da omi tí atẹ́gùn inú rẹ̀ kéré débi pé ẹja mìíràn á kú níbẹ̀. Àrọ̀ tún ní ẹ̀yà ara kan lórí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè omi bí a ṣe ń mí in. Àwọn ẹja tó kù nínú omi ìdọ̀tí ni àwọn tó lè fara dà á, ohun tí wọ́n sì fara dà ti wà nínú ẹran ara wọn.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ omi Odò Ìyá Aláró wò léraléra nítorí ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń tú sínú rẹ̀. Irin bíi òjé, kádímíọ̀mù àti kírómíọ̀mù kì í jóná nínú ìkòkò, ata àti iyọ̀ kò sì lè lé wọn kúrò. Ní Minamata ní Japan, ní 1956, ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn tó kọlu iṣan ọpọlọ àwọn tó ń jẹ ẹja inú òkun ìlú náà. Mẹ́kúrì tí ilé iṣẹ́ kan ń tú sómi ló fà á. Ẹja ibẹ̀ náà lẹ́ran lára. Bí kanáàlì bá gba àárín ilé iṣẹ́ kọjá, tàbí tó ti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran wá, ẹ lè fi ìwọ̀ kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ẹ lè wo bí ẹja ṣe ń jẹun, ṣùgbọ́n ẹ dá ẹja náà padà, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ má sè é.

Òjé tí apẹja ń so mọ́ okùn tún jẹ́ májèlé mìíràn. Mo ti rí ọmọdé tó ń fi eyín pa òjé dé mọ́ okùn. Ní Zamfara ní 2010, ó ju irínwó ọmọdé lọ tó kú nítorí eruku òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ òjé kéékèèké ìpẹja láti 1987, nítorí àwọn ẹyẹ odò tó ń gbé e mì tí wọ́n sì ń kú. Kò sídìí fún wa láti máa lò ó ní agbègbè tí nọ́ọ̀tì irin wà nílẹ̀ ní gbogbo ìsọ̀ mẹkáníìkì.

Bí ẹ bá mú epìyà ọ̀sà tí ẹnu rẹ̀ wú, ẹ rọra wo inú rẹ̀. Nínú irú epìyà aláàgbọ̀n-dúdú tó pọ̀ nínú Ọ̀sà Èkó, akọ ló ń fi ẹnu gbé ẹyin àti ọmọ títí wọ́n á fi lè dá wẹ̀. Bí ẹyin bá wà níbẹ̀, ẹ fi omi rin ọwọ́, ẹ yọ ìwọ̀, kí ẹ sì fi bàbá náà sílẹ̀ kó máa lọ. Okùn tó bá ti já, ẹ ká a sápò lọ sílé, nítorí náílọ́ọ̀nù kì í tètè jẹrà, ó sì máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ.

Ọ́fíìsì LASEPA, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká, wà ní Aláùsá, ní Ìkẹjà níbẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń jókòó létí omi pẹ̀lú ìwọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí i tí omi bá yí àwọ̀ padà tàbí tí ẹja bá ń léfòó ní òkú. Bí ẹ bá rí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ àdúgbò náà sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá wọn lọ́jọ́ náà.